Máàpù Kọ́ Ló Pa Orúkọ Àwọn Ìlú Írẹ́lándì

Òpó òkúta gíga kan wà nínú ọgbà ńlá tó wà ní ìhà ìwọ̀ oòrùn Dublin, olú ìlú Írẹ́lándì. Ọdún 1747 ni wọ́n gbé e nàró, Lord Chesterfield tó ti ṣojú ọba Gẹ̀ẹ́sì ní ilẹ̀ náà ló sì wà nídìí rẹ̀. Ère ẹyẹ kan ló wà lórí òpó yìí: phoenix, ẹyẹ inú ìtàn àtijọ́ tó máa ń jóná di eérú, tí yóò sì tún jí dìde láti inú eérú náà. Kò ṣòro láti mọ ìdí tí wọ́n fi yan ẹyẹ yìí, nítorí Phoenix Park ni gbogbo ayé ń pe ọgbà náà. Bẹ́ẹ̀, kò sí ẹyẹ kankan nínú orúkọ náà níbẹ̀rẹ̀. Fionn uisce ni wọ́n ń pe ibẹ̀ ní Gaeilge, èdè àbínibí àwọn ará Írẹ́lándì, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni omi tó mọ́ gaara. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ ọ, wọ́n fi ọ̀rọ̀ tó ti wà lẹ́nu tiwọn pè é, omi di ẹyẹ, ẹyẹ sì di ère.

Irú ìtàn báyìí ló mú kí ẹ̀sùn kan gbilẹ̀: pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì, pàápàá àwọn ọmọ ogun tó wọn ilẹ̀ Írẹ́lándì tí wọ́n sì ya máàpù rẹ̀ láàárín ọdún 1824 sí 1846, ni wọ́n pa orúkọ àwọn ìlú rẹ̀. Ẹ̀sùn náà kì í ṣe irọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n mú kọ́ ni ọ̀daràn tó yẹ kí wọ́n mú. Ohun tí máàpù ṣe ni pé ó gbé ìró orúkọ wọ aṣọ àjèjì. Ohun tó gba ìtumọ̀ kúrò lọ́wọ́ àwọn ènìyàn ni pé èdè tí wọ́n fi sọ ilẹ̀ lórúkọ kúrò lẹ́nu wọn. Ọ̀tọ̀ ni èkíní, ọ̀tọ̀ ni èkejì. Ẹni tó bá pa méjèèjì pọ̀ kò ní rí ìdí tó fi jẹ́ pé ìwé àwọn awọnlẹ̀ yẹn gan-an wà lára ibi tí àwọn onímọ̀ ń kọ́kọ́ yà sí nígbà tí wọ́n bá ń wá ìtumọ̀ orúkọ lónìí.

Bí wọ́n ṣe ń sọ ilẹ̀ lórúkọ ní Gaeilge kò lọ́jú pọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ á sọ irú ibi tó jẹ́, èyí tó tẹ̀ lé e á sì sọ ohun tó yà á sọ́tọ̀. Baile ni ìletò tàbí oko ìdílé, cill ni ilé ìjọsìn, doire ni igbó igi óákù, áth ni ibi tí omi kò ti jìn tí èèyàn lè fẹsẹ̀ là kọjá, ráth, lios àti dún sì jẹ́ oríṣi odi. Nítorí náà, Kilkenny ni Cill Chainnigh, ilé ìjọsìn Cainneach Mímọ́, Ballymena sì ni An Baile Meánach, ìletò àárín. Títí dé ibí, kò sí wàhálà. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì kó ọ̀rọ̀ tó yàtọ̀ síra sínú àpò kan náà. Bí ẹ bá rí Bally níbẹ̀rẹ̀ orúkọ, ẹ má tíì sọ pé ìletò ni. Ballina ní ẹkùn Mayo kì í ṣe baile rárá, Béal an Átha ni, ìyẹn ẹnu ibi tí wọ́n ti ń la odò kọjá. Ballybofey ní Donegal sì jẹ́ Bealach Féich, ọ̀nà Fiach. Kil ló tún burú jù, nítorí coill, tó túmọ̀ sí igbó, àti cill, tó jẹ́ ilé ìjọsìn, ń wọ aṣọ kan náà. Kilnamanagh wà ní Dublin, òmíràn tún wà ní Tipperary, lẹ́tà kan kò sì yàtọ̀ nínú bí wọ́n ṣe kọ wọ́n. Cill na Manach ni ti Dublin, ilé ìjọsìn àwọn mọ́ǹkì. Coill na Manach ni ti Tipperary, igbó àwọn mọ́ǹkì. Ẹni tó bá ti rí Ọ̀wọ̀ lójú pátákó títì tí wọ́n kọ ọ́ sí Owo láìsí àmì kankan kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí: ọmọ ìlú á kà á bó ṣe yẹ, àlejò á sì máa rò pé owó ni wọ́n ń sọ.

Kí ni àǹfààní mímọ ìyàtọ̀ igbó àti ilé ìjọsìn? Àǹfààní rẹ̀ ni pé orúkọ àwọn ibi yìí jẹ́rìí sí Írẹ́lándì kan tí kò sí mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ náà péré ni igbó bò. Àlejò tó rin ibẹ̀ nígbà náà á rí pápá tútù àti òkúta, kò sì ní gbà pé igi ti pọ̀ níbẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n orúkọ kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú. Derry ni Doire, igbó óákù. Kildare ni Cill Dara, ilé ìjọsìn ìdí óákù. Mayo ni Maigh Eo, pẹ̀tẹ́lẹ̀ igi yew, Youghal ní etíkun gúúsù sì ni Eochaill, igbó yew. Ìkookò ti parẹ́ ní erékùṣù náà láti ọ̀rúndún kejìdínlógún, síbẹ̀ òkè kan wà ní àríwá Dublin, nítòsí Swords, tó ń jẹ́ Feltrim: Faoldroim, òkè gbọọrọ àwọn ìkookò. Odi tó ń jẹ́ ráth àti lios, tí àwọn àgbẹ̀ máa ń mọ yí ilé wọn ká ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, lé ní 40,000 káàkiri ilẹ̀ náà. Níbi tí ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ bá ti wó odi náà lulẹ̀ pátápátá, orúkọ bíi Lismore tàbí Rathmines ló ṣẹ́ kù láti sọ pé odi kan wà níbẹ̀ rí. Tallaght pẹ̀lú, àdúgbò Dublin tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ń gbé lónìí, ni Tamhlacht, ibi ìsìnkú àwọn tí àjàkálẹ̀ àrùn pa. Bóyá ó sàn kí onílé má sọ ìyẹn fún ẹni tó fẹ́ háyà yàrá.

Àwọn kan á sọ pé, bí orúkọ bá ṣe pàtàkì tó báyìí, ìwà ọ̀daràn ni kí àlejò dé kó sì yí i padà. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ àwọn Viking wò ó. Àwọn wọ̀nyí, tó gbé ọkọ̀ ojú omi wá láti Scandinavia ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn, fi èdè tiwọn sọ etíkun lórúkọ. Veðrafjǫrðr ni wọ́n pe ibì kan, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ ọ, wọ́n sọ ọ́ di Waterford, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu òkun tó wọ inú ilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ fjǫrðr, kò kan ibi tí wọ́n ti ń la odò kọjá, èyí tí ford túmọ̀ sí ní Gẹ̀ẹ́sì. Port Láirge ni orúkọ ìlú yẹn ní Gaeilge títí dòní, kò sì jọ ti Viking rárá. Leixlip, lórí odò Liffey, wá láti ọ̀rọ̀ Viking tó túmọ̀ sí ibi tí ẹja salmon ti ń fò sókè, àwọn tó ń sọ Gaeilge sì tú u lọ́rọ̀ lọ́rọ̀ sí Léim an Bhradáin. Ìtàkìtì omi tí ẹja ń fò náà ti wà lábẹ́ omi báyìí, láti ìgbà tí wọ́n ti sé odò náà fún iná mànàmáná. Kò sẹ́ni tó ń bá Viking jà lónìí. Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí Viking ń sọ ibì kan lórúkọ, àwọn onílẹ̀ ń sọ èdè tiwọn lọ. Orúkọ méjì wà, àwọn tó ni wọ́n sì ń pe méjèèjì.

Àṣìtumọ̀ pàápàá kò bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn akéwì Írẹ́lándì àtijọ́ ní àkójọ ìtàn kan tí wọ́n ń pè ní Dindshenchas, tó wà lára ohun tí wọ́n kọ sínú Ìwé Leinster ní ọ̀rúndún kejìlá. Iṣẹ́ akéwì ni kó mọ bí òkè, odò àti odi kọ̀ọ̀kan ṣe gba orúkọ rẹ̀. Bí kò bá sì mọ̀, ó lè wá ìtàn tó dùn fún un. Nípa Dublin, ìyẹn Dubh Linn, wọ́n ní obìnrin kan tó ń jẹ́ Dubh ló kú sínú adágún náà. Ṣùgbọ́n dúdú ni dubh, adágún ni linn, omi dúdú sì wà níbẹ̀ lóòótọ́, níbi tí odò kékeré Poddle ti ń wọ Liffey, tí ọgbà ààfin Dublin wà lónìí. Omi dúdú kò nílò obìnrin kó tó jẹ́ dúdú. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín akéwì yìí àti Lord Chesterfield ni pé ẹni tó bá gbọ́ ìtàn Dubh ṣì lè fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ “dúdú” nínú orúkọ ìlú náà. Èdè tó wà lẹ́nu rẹ̀ lè bá akéwì jiyàn.

Àwọn awọnlẹ̀ ló kàn báyìí. Ọdún 1824 ni ìjọba London rán iléeṣẹ́ Ordnance Survey, tí Thomas Colby jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, sí Írẹ́lándì. Owó orí ilẹ̀ ni wọ́n bá wá, kì í ṣe àṣà: wọ́n fẹ́ mọ ààlà ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè bu owó lé e bó ṣe tọ́. Ilẹ̀ náà sì pín sí ẹ̀ka kéékèèké tó lé ní 60,000, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní orúkọ. Kì í ṣe àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ fi lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kọ àwọn orúkọ yìí. Láàárín ọdún 1650 sí 1660, nígbà tí William Petty ń wọn ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn Kátólíìkì, àwọn akọ̀wé rẹ̀ ti kọ wọ́n bó ṣe wọ̀ wọ́n létí. Àwọn onílẹ̀, àwọn agbowó orí àti àwọn lọ́yà sì ti ń kọ tiwọn lọ ṣáájú kí Colby tó dé. Orúkọ kan lè ní ọ̀nà ìkọ̀wé mẹ́wàá. Ìbéèrè tó dojú kọ àwọn awọnlẹ̀ ni pé èwo ni kí àwọn mú nínú gbogbo èyí.

Ìdáhùn tí wọ́n rí ló ya èèyàn lẹ́nu. Wọ́n gba John O'Donovan síṣẹ́ ní ọdún 1830. Ọmọ àgbẹ̀ láti Kilkenny ni, ọdún 1806 ni wọ́n bí i, ó gbọ́ Gaeilge dénú, ó sì lè ka ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́. Larcom, ọ̀gágun tó ń darí ọ́fíìsì Dublin, kọ́ Gaeilge lọ́dọ̀ rẹ̀. Láti ẹkùn dé ẹkùn ni O'Donovan ń rìn, nínú òjò àti òtútù. Á wá àwọn àgbà tó mọ ilẹ̀ náà, á ní kí wọ́n pe orúkọ rẹ̀, á gbọ́ ibi tí ohùn gùn àti ibi tó kúrú, á sì fi í wé ohun tó wà nínú ìwé àtijọ́. Wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé orúkọ: bí onírúurú ìwé ṣe kọ ọ́, ẹni tó kọ ọ́, bó ṣe rí ní Gaeilge, àti ìtumọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á mú èyí tó sún mọ́ ti Gaeilge jù nínú àwọn ìkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì tó wà nílẹ̀, òun ni wọ́n á sì tẹ̀ sórí máàpù. Máàpù ni aráyé rí. Ìwé orúkọ àti àwọn lẹ́tà O'Donovan wà nínú àpótí ìjọba, Gaeilge sì wà nínú wọn. Ọwọ́ kan náà tó kọ Bally lójú máàpù ti kọ Béal an Átha sínú ìwé ṣáájú.

Ẹni tó bá ti wo eré orí ìtàgé Brian Friel, Translations, kò ní fẹ́ gba èyí. Derry ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1980, nígbà tí ìjà ṣì gbóná ní àríwá Írẹ́lándì, bóyá ni eré mìíràn sì wà tó nípa lórí èrò àwọn ènìyàn nípa orúkọ ìlú bíi tirẹ̀. Nínú eré náà, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì kan àti ọmọ ìlú kan jókòó ní Donegal lọ́dún 1833, wọ́n ń fi orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rọ́pò ti Gaeilge lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ ogun sì ń halẹ̀ mọ́ abúlé nígbẹ̀yìn. Eré tó lágbára ni. Ṣùgbọ́n J. H. Andrews, òpìtàn tó kọ ìwé ńlá nípa iléeṣẹ́ awọnlẹ̀ yìí ní 1975, ìwé tí Friel fúnra rẹ̀ kà, tọ́ka sí i pé ìtàn kò rí bẹ́ẹ̀: iṣẹ́ wọn kì í ṣe láti hùmọ̀ orúkọ tuntun. Orúkọ tí wọ́n tú sí Gẹ̀ẹ́sì kéré gan-an lára gbogbo rẹ̀, àwọn kan lára irú wọn sì ti wà tipẹ́. Freshford ní Kilkenny ni àpẹẹrẹ tó burú jù: Achadh Úr, pápá tútù, ni orúkọ rẹ̀, ẹni tó tú u ṣi achadh gbọ́ bí áth, pápá sì di ibi ìlàdò. Eré sì ni eré, kò pọn dandan kó jẹ́ ìwé ìtàn. Àwa tó ń wò ó la sọ ọ́ di ẹ̀rí.

Àtakò kan wà tó lágbára ju ti Friel lọ. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé O'Donovan fi òótọ́ inú ṣiṣẹ́, ìjọba sọ ìkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì yẹn di òfin. Òun ni wọ́n lò fún ìkànìyàn, fún owó orí, fún ilé ẹjọ́ àti fún pátákó. Ká ní wọ́n kọ Cill àti Coill bí wọ́n ṣe rí ni, ìtumọ̀ ì bá wà lójútáyé. Mo gba èyí pátápátá. Ìkọ̀wé yẹn ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó fẹ́ kọ́ èdè náà padà, ìyà rẹ̀ sì ń jẹ wọ́n títí dòní. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sọ Gaeilge ní 1840 kò nílò máàpù láti mọ̀ bóyá igbó ni òun ń gbé tàbí ìdí ilé ìjọsìn, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kò tilẹ̀ rí máàpù náà rí. Ohun tó dé bá wọn kò ti ọ́fíìsì awọnlẹ̀ wá. Láti 1831 ni iléèwé ìjọba ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan kọ́ ọmọ wọn. Ní 1845, àrùn pa pòtétò tí tálákà fi ń jẹun, ìyàn ńlá bẹ̀rẹ̀, kò sì tán títí di 1852. Àwọn tó lé ní 8 mílíọ̀nù ni wọ́n kà ní Írẹ́lándì ní 1841. Nǹkan bí mílíọ̀nù kan kú, iye tó tó bẹ́ẹ̀ sì wọ ọkọ̀ òkun lọ. Àwọn tálákà ìwọ̀ oòrùn, tó ń sọ Gaeilge jù, ni ọ̀ràn náà kàn jù. Ìkànìyàn 1851 rí nǹkan bí mílíọ̀nù kan àbọ̀ tó ṣì ń sọ ọ́. Òbí tó mọ̀ pé Boston tàbí Liverpool ni ọmọ òun ń lọ kò ní fi Gaeilge dá a lára. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ṣe di ìró lẹ́nu àwọn ọmọ ọmọ.

Orúkọ tí ọba pàṣẹ gan-an fi hàn pé àṣẹ kò lágbára tó bí wọ́n ṣe ń rò. Ní 1556, wọ́n gba ilẹ̀ Laois àti Offaly, wọ́n sì sọ ìlú méjì ibẹ̀ lórúkọ Mary ọba obìnrin àti Philip ọkọ rẹ̀: Maryborough àti Philipstown. Ní 1821, nítorí ìbẹ̀wò George Kẹrin, Dún Laoghaire di Kingstown. Ní 1849, nítorí Victoria, Cove di Queenstown. Nígbà tí àwọn ará Írẹ́lándì gba ìjọba tiwọn, wẹ́rẹ́ ni wọ́n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Philipstown di Daingean, Maryborough sì di Portlaoise, ìlú tí Rotimi Adebari, ọmọ Yorùbá láti ìpínlẹ̀ Ògùn, ti di mẹ́yọ̀ ní 2007, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó dé irú ipò bẹ́ẹ̀ ní Írẹ́lándì. Queenstown ló pani lẹ́rìn-ín: wọ́n sọ ọ́ di Cobh, ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀ kankan ní Gaeilge, nítorí Cove ti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi lẹ́tà Gaeilge kọ. Derry nìkan ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì tán, torí ìwé àṣẹ ọdún 1613 tó sọ ọ́ di Londonderry ṣì múlẹ̀ lábẹ́ òfin. Ọmọ ìlú kan kì í dárúkọ ibẹ̀ láìjẹ́ pé ó ti sọ ẹgbẹ́ tó wà.

Bí ó bá jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì àti Gaeilge ni gbogbo ìjà náà, kí ni ká wá sọ nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àríwá láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970? Iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ní kí gbogbo ilé ní nọ́ńbà àti orúkọ títì, orúkọ àwọn ẹ̀ka ilẹ̀ kéékèèké sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ kúrò nínú àdírẹ́sì. Ìkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ àwọn orúkọ yẹn, ẹni tó ń pè wọ́n kò sì gbọ́ Gaeilge, síbẹ̀ Kátólíìkì àti Pùròtẹ́sítáǹtì dìde pọ̀ láti dáàbò bò wọ́n, Fermanagh sì kọ̀ jálẹ̀. Lílò ni wọ́n ń jà fún. Ní ìwọ̀ oòrùn, ní erékùṣù Aran àti Connemara, Tim Robinson, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́ Gaeilge, fi ọ̀pọ̀ ọdún rìn láti bèèrè orúkọ àpáta, èbúté àti igun pápá lọ́wọ́ àwọn àgbà, orúkọ tí máàpù ìjọba kò kọ tàbí tó kọ ní àṣìkọ. Èyí tó rí gbà ni èyí tí ẹnìkan ṣì ń pè.

Ìjọba Dublin náà ti gbìyànjú láti fi òfin dá orúkọ padà. Ní 2005, wọ́n ní orúkọ Gaeilge nìkan ni òfin mọ̀ ní àwọn àgbègbè tí wọ́n ti ń sọ èdè náà, Dingle ní Kerry sì di An Daingean lójú pátákó. Inú bí àwọn ará ìlú. Àlejò ni wọ́n fi ń jẹun, Dingle ni àlejò mọ̀, Daingean mìíràn sì wà ní Offaly, ìyẹn Philipstown àná. Wọ́n gbé ọ̀dà, wọ́n kọ Dingle padà sára pátákó. Nígbà tí wọ́n dìbò ní 2006, ó ju mẹ́sàn-án lọ nínú mẹ́wàá tó fẹ́ kí ìlú máa jẹ́ Dingle àti Daingean Uí Chúis pọ̀. Àwọn kan pè wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀ èdè. Ẹ̀sùn yẹn kò ṣe é gbà, nítorí àwọn abúlé tó wà ní ìwọ̀ oòrùn Dingle wà lára ibi díẹ̀ tí Gaeilge ṣì ti ń dún lójoojúmọ́, orúkọ ìlú náà kò sì ṣókùnkùn sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ohun yòówù kí pátákó sọ. Ní 2011, ilé aṣòfin yí òfin náà padà, ó fún wọn ní orúkọ méjèèjì.